Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná: bí a ṣe ń fi oúnjẹ alẹ́ kówó jọ fún àdúgbò

Èèyàn 46 ló sọ pé àwọn ń bọ̀ níbi àjẹpọ̀ alẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Àwọn 23 ló dé. Oúnjẹ èèyàn 50 ni mo sè, torí ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ dé kí oúnjẹ má kàn án. Nígbà tí a yọ owó ọjà, owó gáàsì àti owó àga tí a háyà, ohun tó kù kò tó ra pákó méjì, bẹ́ẹ̀ pẹpẹ ìwé mẹ́ta la fẹ́ kàn fún yàrá tí àwọn ọmọdé àdúgbò ti ń kàwé. Mo jókòó síwájú ìkòkò lóru ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Ó dùn mí dé eegun.

Pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró báyìí, ìwé sì ti kún orí wọn. Láti ọdún mẹ́rin tí a ti bẹ̀rẹ̀, a ti jókòó jẹun báyìí nígbà 31. Ẹni tó bá ń ro àtiṣe irú rẹ̀ ti mọ oúnjẹ í sè, n kò ní í kọ́ ọ níyẹn. Ohun tí mo ti rí ni pé oúnjẹ kọ́ ló ń tú irú àjọṣe yìí ká. Owó ni: owó tí a kò gbà kí ọjọ́ tó pé, àti owó tí a gbà tí a kò kà lójú gbogbo èèyàn.

Kí lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe?

Ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ ran àdúgbò lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ mọ ìgbà tí ìyẹn parí? Ẹ wá ohun kan tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, tó ní iye, tí àjẹpọ̀ kan sí mẹ́ta lè parí: ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, bẹ́ńṣì fún àwọn àgbàlagbà tó ń dúró de dókítà, iná síbi tó ṣókùnkùn lójú ọ̀nà. Ẹ lọ bá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, kó kọ iye rẹ̀ sórí ìwé, kó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí káfíńtà kọ iye pẹpẹ wa fún wa, mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó wọlé ló kà á kó tó jókòó, àwọn míì sì tún padà lọ kà á nígbà tí wọ́n jẹun tán.

Bó bá jẹ́ owó ìtọ́jú aláìsàn lẹ fẹ́ kó jọ, ẹ kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ bóyá kí ẹ dárúkọ rẹ̀ tàbí kí ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹlòmíì nílò owó náà gan-an, àmọ́ kò fẹ́ kí ojú àánú máa tẹ̀ lé òun káàkiri. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti ṣe é fún ẹni tí àwa mẹ́ta péré mọ̀. A kàn sọ fún àwọn èèyàn pé ará àdúgbò kan fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, a sì ka ìwé ilé ìwòsàn sí wọn létí láìka orúkọ. Owó wọlé bí ẹni pé a dárúkọ.

Ẹni tó sanwó ló ń bọ̀

Láti ìgbà kejì la ti ń gba owó ṣáájú. Bó bá ti ku ọjọ́ 5, a ti pa ìwé orúkọ dé. Ẹni tó bá ti san, orúkọ rẹ̀ ti wọlé. Ẹni tí kò bá tíì san, a ó fi ọ̀yàyà sọ fún un pé kó dúró de èyí tó ń bọ̀. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ títí dòní sí mi lẹ́nu: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, abọ́ tí owó ti wọlé fún ni mo máa ra ọjà fún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dé kí oúnjẹ má kàn yín.” Kò tíì sí ẹni tó bínú sí i. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá owó náà jáde lójú ẹsẹ̀.

Kí ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn kan? Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ó ná sílẹ̀, kì í ṣe ọjà nìkan. Omi wà níbẹ̀, gáàsì tàbí èédú, ọṣẹ, ìṣánwọ́, ọkọ̀ tó gbé ìkòkò, àga, ibi tí ẹ ó jókòó sí. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ lé e nítorí ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí oúnjẹ inú abọ́ ẹnì kan ná yín, kí ẹ gba ìlọ́po 3 rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ká ní oúnjẹ ẹnì kan ná wa ní 1, à ń gba 3. Ká ní àga, ibi ìjókòó àti ọkọ̀ jẹ́ 12, yálà èèyàn kún ibẹ̀ tàbí kò kún. Bí èèyàn 15 bá wá, 45 wọlé, a yọ 15 ti oúnjẹ àti 12 yẹn, ó ku 18. Bí èèyàn 30 bá wá, 90 wọlé, a yọ 30 àti 12, ó ku 48. Ẹ ò rí i pé èèyàn di ìlọ́po 2, àmọ́ ohun tó kù fún iṣẹ́ ju ìlọ́po 2 lọ? Nítorí náà, bí ìwé bá ń pa dé lọ tí àwọn tó san kò tíì ju 15, mi ò ní í wá ọ̀nà àtidín ẹran kù. Ibi ìjókòó tí a kò ní í san owó rẹ̀ ni mo máa wá.

Ẹ tún béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ yọ owó. Ẹnì kan lè fún yín ní àpò ìrẹsì, ẹlòmíì á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíì á wá fọ abọ́. Ẹ kọ iye tí ẹ ì bá fi rà á sínú ìwé owó yín bí ẹ kò tilẹ̀ ná kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó ta yín lọ́rẹ, ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ ná owó ní ìnákúnàá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ń jẹ mí lógún gan-an. Àjẹpọ̀ tí a ń ṣe nítorí àdúgbò, tí apá kan àdúgbò kò wá lè jókòó níbẹ̀, báwo ló ṣe jẹ́ ti àdúgbò? A máa ń yọ ìjókòó 4 nínú 40 sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló ń pín in, kì í sì í sọ fún àwa yòókù. Ẹni tó bá lágbára lè san ti ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo wa la ń gba irú páálí ìwọlé kan náà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó san ìlọ́po 2 àti ẹni tí kò san rárá.

Ìkòkò kan

Ẹ se ohun tí ẹ ti sè nígbà púpọ̀, tó ṣeé fi ṣíbí bù, tí kò ní í bàjẹ́ bó bá dúró díẹ̀ lórí iná. Ọjọ́ tí owó ẹlòmíì wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ọjọ́ tí a ń dán oúnjẹ tuntun wò. Ìdá kan nínú mẹ́ta lítà ọbẹ̀ ń tó àgbàlagbà kan, ìrẹsì tútù gíráàmù 80 sì ń tó o. Fún èèyàn 40, ẹ ó nílò ọbẹ̀ lítà 13 ó lé díẹ̀, àti ìrẹsì kílò 3 àti díẹ̀. Ìkòkò lítà 20 ni kí ẹ wá fún ọbẹ̀ náà, torí bí ó bá kún dé ẹnu, ẹ kò ní í rí i rò, ìsàlẹ̀ á sì jóná. Ìkòkò ńlá kì í tètè hó. Ẹ gbé omi ka inú èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ wo aago. Tèmi gba ìṣẹ́jú 55. Ẹ̀yin ẹ wo iye tí tiyín máa gbà lórí iná yín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, torí ẹni tó wá ṣàánú ẹlòmíì kò yẹ kó ti ibẹ̀ gbé àìsàn relé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlànà 5 lórí oúnjẹ tí kò léwu: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àti ibi iṣẹ́ mọ́, ẹ ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jinná, ẹ sè é jinná délẹ̀, kí àárín rẹ̀ gbóná tó 70°C, ẹ má jẹ́ kó wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ lo omi àti ọjà tó dára. Èyí tó ń dẹkùn mú àwọn alásè ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìkẹrin. Oúnjẹ tí ẹ ó pín ní gbígbóná gbọ́dọ̀ ju 60°C lọ títí ẹ ó fi bù ú. Èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ tutù lọ sí ìsàlẹ̀ 5°C. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta lásán. Ẹ ra ohun èlò kékeré tí a fi ń wọn ooru oúnjẹ, ẹ tì í bọ àárín ìkòkò. Ẹ má fi ìka wọ̀n ọ́n.

Mo ti se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rí. Mo bo ìkòkò náà dé, mo fi sílẹ̀ kó tutù, mo lọ sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, òkè rẹ̀ ti tutù, àmọ́ nígbà tí mo ki ṣíbí bọ àárín, ooru ṣì ń jáde, òórùn kíkan sì bá a jáde. Lítà 13! Mo dà á nù, mo sì tún lọ sọ́jà pẹ̀lú owó ara mi. Láti ọjọ́ náà, bí ọbẹ̀ bá ti kúrò lórí iná, abọ́ fífẹ̀ tí kò jìn ni mo ń pín in sí, bíi mẹ́fà tàbí méje, kó tètè tutù, kí n tó kó o sí fíríìjì. Ìrẹsì ní tirẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ máa sè é. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá pẹ́ ní lọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò náà á tu oró sí i, bí ẹ sì gbé e kaná padà, oró yẹn kò ní í lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń gba owó ni kí ẹ ti béèrè ohun tí kì í bá ara kálukú mu. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ka 14 lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí alásè gbọ́dọ̀ sọ: ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja, yànmọ̀tí àti àlìkámà wà lára wọn. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ yín sórí páálí, ẹ gbé e síwájú ìkòkò, kí ìkòkò kọ̀ọ̀kan sì ní ṣíbí tirẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ìlera lágbègbè yín bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ kí ẹ tó lè gba owó oúnjẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó dá ọjọ́.

Ìṣẹ́jú 4

Ẹ tò wọ́n jókòó kí àwọn tí kò mọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ gbé ọbẹ̀ sínú abọ́ ńlá sáàárín tábìlì kí wọ́n máa bù ú fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó máa sọ ohun tí owó wà fún, ìṣẹ́jú 4 ni kó lò, kó sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀dọ̀ Detroit SOUP, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní 2010, ni mo ti rí ìṣẹ́jú 4 yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nígbà náà nìyí: ẹ ó san owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí ọbẹ̀ àti ìbò gbà. Ẹni 4 á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á fi ìṣẹ́jú 4 sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ìlú, àwọn tó jókòó á bi í ní ìbéèrè 4. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n á dìbò, ẹni tó bá mókè ló ń gbé owó alẹ́ náà lọ. Ètò tó dára ni fún ìlú ńlá. Àwa kò dìbò mọ́ lẹ́yìn tí a dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ládùúgbò kékeré, ẹni tó fìdí rẹmi níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ ló tún máa bá wọn pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá kan tó wá bẹ̀bẹ̀ fún òrùlé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ rí ìbò 5 péré, kò sì wá jẹun pẹ̀lú wa mọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a ń to àwọn ohun tí a fẹ́ ṣe tẹ̀ léra, kálukú sì mọ oṣù tó kàn án. Òrùlé yẹn ló gbapò kìíní.

Lẹ́yìn abọ́ àkọ́kọ́, kó tó kan ohun dídùn tí ẹ fi parí rẹ̀, ni kí ẹni náà sọ̀rọ̀. Bó bá di ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń mú báàgì, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ẹ kà á lójú wọn

Níbi àjẹpọ̀ karùn-ún ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ti dìde kí oúnjẹ tó dé. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú o. Owó tí a dá lóṣù tó kọjá, èló ni, ibo ló sì wà?” Owó pé. Ìwé rẹ̀ wà nílé mi, nínú àpótí. Àmọ́ ẹnu lásán ni mo fi dá bàbá lóhùn, mo sì rí i bí àwọn méjì ṣe wo ara wọn lójú ní ìkangun tábìlì. Bàbá kò fẹ̀sùn kàn mí. Ó béèrè ohun tó yẹ kí n ti sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ni.

Láti ìgbà náà, a ń ka owó lórí tábìlì, níwájú gbogbo èèyàn, kí a tó gbé ohun dídùn jáde. Èèyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ló ń kà á, a sì ń pààrọ̀ wọn. Ẹni kẹta ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó: iye tó wọlé ṣáájú ọjọ́ náà, iye tó wọlé lẹ́nu ọ̀nà, iye tí a ná, iye tó kù, àti iye tó ṣẹ́ kù kí iṣẹ́ náà tó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iye ẹni kìíní kò bá ti ẹni kejì mu, owó bébà kan ló dín. Wọ́n tún un kà, ó tún dín. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan ló gbé jọ́ọ̀gì omi sókè, owó náà sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Wọ́n sá a sórí etí abọ́, wọ́n kọ iye náà sójú pátákó, àtẹ́wọ́ sì sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣì ń san owó títí dòní láìjẹ́ pé a rán wọn létí.

Owó tó wọlé ni a ń kọ. A kì í kọ orúkọ ẹni tó san án sí i. Georgia Gilmore, alásè kan ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ni mo ń wò lórí èyí. Láti December 1955, fún 381 ọjọ́, àwọn èèyàn dúdú ìlú náà kọ̀, wọn kò wọ bọ́ọ̀sì ìlú nítorí bí wọ́n ṣe ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ń fẹ́ epo àti àtúnṣe. Gilmore kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń yan kéèkì, wọ́n ń tà á, ó sì ń kó owó rẹ̀ wá síbi ìpàdé. Club from Nowhere ni wọ́n ń pe ara wọn, bí ẹni sọ pé ẹgbẹ́ tí kò ti ibì kankan wá, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí owó ti wá, ìdáhùn á ti wà. Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń ṣètọrẹ tí iṣẹ́ ì bá bọ́ lọ́wọ́ wọn bí orúkọ wọn bá jáde. Kò sí irú ewu bẹ́ẹ̀ lórí tiwa, àmọ́ mo ti rí i pé níbi tí a bá ti ń ka orúkọ, ẹni tí tirẹ̀ kéré kì í wá lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá jẹ́ báńkì ni owó ń gbà wọlé, ẹ ṣí àkáǹtì tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde. Ẹ má lo àkáǹtì ara yín, bó ti wù kí ọkàn yín mọ́ tó.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ

Láàárín ọjọ́ 7, ẹ sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún gbogbo ẹni tó jẹun. Fọ́tò pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tó. Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ẹ sọ pé ó falẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó fà á.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ́dún là ń ṣe é. A gbìyànjú ẹ̀ẹ̀méjìlá lọ́dún kejì, ó rẹ àwọn alásè débi pé méjì nínú wọn yọ̀ǹda iṣẹ́ náà sílẹ̀. Báyìí, ẹni tó bá sè é lónìí kò ní í sún mọ́ iná fún ìgbà méjì tó tẹ̀ lé e. Yóò wá jókòó bí àlejò, wọn yóò sì bu oúnjẹ fún un.

Kí àwọn èèyàn tó dìde ni kí ẹ ti dá ọjọ́ tó ń bọ̀, kí ìwé orúkọ sì máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìkòkò ńlá ni kí ẹ fọ̀ kẹ́yìn, torí omi gbígbóná gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ tó bọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé kó gbẹ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sílé ẹni tí iná kàn.